Ohun Kan Lẹ́ẹ̀kan: Kọ́ọ̀pùkéèkì Ilé àti Oúnjẹ Ìta ní Ìlobùú àti Ifọ́n-Ọ̀ṣun

Ẹni tó bá fẹ́ dá kéèkì tuntun sílẹ̀ nílé kò nílò ìgboyà tó bí a ṣe rò. Ìgboyà pọ̀ nílẹ̀. Wíwọn nǹkan ló ṣọ̀wọ́n. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á tọ́ oúnjẹ kan wò níbi ìnáwó, orí rẹ̀ á wú, á délé, á da àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀, oyin àti atalẹ̀ sínú fúláwà lọ́jọ́ kan náà. Bí kéèkì náà bá dùn, kò ní mọ ohun tó mú un dùn. Bí ó bá bàjẹ́, kò ní mọ ohun tó bà á jẹ́. Owó ti lọ, gáàsì ti jó, kò sì rí nǹkan kan kọ́ tó lè lò lọ́la. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni orí ìwé yìí ń tẹ̀ mọ́ yín létí: ohun kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, yálà nídìí iná ni o, tàbí nídìí abọ́ tí wọ́n gbé síwájú yín ní ilé olóúnjẹ. Oúnjẹ ìta ló ń gbé ìbéèrè wá, kọ́ọ̀pùkéèkì ló ń dáhùn rẹ̀, ìyẹn bí a bá bi í bó ṣe yẹ.

Ìdí tó fi jẹ́ kọ́ọ̀pùkéèkì ni mo mú, tí mi ò mú kéèkì ìgbéyàwó onípele mẹ́ta, ni pé ó kéré. Kíkéré yìí ti wà lára rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1796, Amelia Simmons, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìdáná kan jáde tó sọ̀rọ̀ kéèkì tí wọ́n ń yan nínú ife kéékèèké. Ní 1828, Eliza Leslie lo orúkọ náà gan-an nínú ìwé tirẹ̀. Ife náà ni wọ́n tún fi ń wọn ohun èlò: nínú irú kéèkì kan tó gbajúmọ̀ láyé ìgbà yẹn, ife bọ́tà kan, ife ṣúgà méjì, ife fúláwà mẹ́ta, ẹyin mẹ́rin. Ẹni tó ń fi kóńgò àti agolo mílíìkì wọn nǹkan ní ọjà Ìlobùú, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lónìí kò jìnnà sí wọn rárá. Àmọ́ agolo mílíìkì ní àbùkù kan. Bí ẹ bá gbọn ọ́n bí ẹ ti ń da fúláwà sí i, á gbà sí i. Bí ẹ bá rọra bù ú, á dín. Ìyàtọ̀ náà tó láti sọ kéèkì fúlẹ́fúlẹ́ di líle, ẹni tó ṣe é á sì máa di ẹ̀bi ru ẹyin. Òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì tó ń ka gíráàmù ló yẹ kí owó àkọ́kọ́ lọ sí, kí ó tó kan páànù tàbí ẹ̀rọ ìpòkéèkì. Ẹni tí kò bá tíì rí i rà lè ra bọ́tà inú ọ̀rá tí wọ́n kọ 250 gíráàmù sí lára, kí ó gé e sí ọgbọọgba márùn-ún. Gíráàmù 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Gíráàmù 50 yẹn wúlò nítorí pé ẹyin alábọ́dé kan, láìka èèpo, wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ náà. Ìdánwò yín lè dúró lórí ẹyin méjì péré: gíráàmù 100 ẹyin, 100 bọ́tà, 100 ṣúgà, 100 fúláwà, ṣíbí ìmutíì kan tó tẹ́jú fún baking powder, ìdásíméjì ṣíbí ìmutíì bákan náà fún iyọ̀, mílíìkì ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹ pò bọ́tà àti ṣúgà títí á fi funfun tí á sì fúyẹ́, kí ẹ máa fi ẹyin sí i díẹ̀díẹ̀. Ibí ni ẹ ó ti dúró. Àpòpọ̀ tó wà nílẹ̀ á wọn nǹkan bí gíráàmù 300. Ẹ pín in sí abọ́ méjì, 150 sí ọ̀kan, 150 sí ìkejì. Abọ́ kìn-ín-ní gba gíráàmù 50 fúláwà bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ìdajì baking powder, ìdajì iyọ̀ àti ìdajì mílíìkì. Abọ́ kejì gba ohun gbogbo bákan náà, àfi nǹkan kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ ó rí nǹkan bí kọ́ọ̀pù mẹ́rin nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìdí bébà àwọn ti abọ́ kejì kí ẹ tó da kéèkì sí i, nítorí pé bí wọ́n bá ti wú tán, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń ní.

Ooru ni ohun tó máa ń yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bọ́tìnì oven gáàsì tí nọ́ńbà rẹ̀ ti pa rẹ́ kò lè sọ òótọ́ fún yín, àmọ́ ṣúgà lè sọ ọ́. Ṣúgà funfun máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 186 lórí Celsius, kọ́ọ̀pùkéèkì sì fẹ́ ooru tó tó 180. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí kan sórí fọ́ìlì, kí ẹ gbé e sínú oven tó ti gbóná dáadáa, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá yọ́, iná ti pọ̀ jù. Bí ó bá wà bó ṣe wà, ẹ fi iná kún un díẹ̀, kí ẹ gbé ṣúgà mìíràn síbẹ̀, títí ẹ ó fi rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ẹ wá dá bọ́tìnì padà sẹ́yìn bíńtín, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹni tí kò ní oven kò pàdánù, ìkòkò irin tó nípọn lè ṣiṣẹ́ náà: yanrìn gbígbẹ nídìí rẹ̀, ohun kan tó gbé páànù kúrò lára yanrìn, ọmọrí tó dé e pa, kí ìkòkò sì ti wà lórí iná fún bí ìṣẹ́jú 15 kí kéèkì tó wọ̀ ọ́. Iná mànàmáná iléeṣẹ́ IBEDC ni n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gbẹ́kẹ̀ lé, torí pé iná tó bá lọ láàárín ìṣẹ́jú kẹwàá á mú kí àárín kéèkì wọlé, ẹ ó sì máa rò pé ohun tuntun tí ẹ fi sí i ló fà á. Kọ́ọ̀pù ti abọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wọ inú ooru pọ̀, kí wọ́n jáde pọ̀, nígbà tí igi tí ẹ tì bọ̀ ọ́ bá jáde ní gbígbẹ, ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo máa dábàá ni ti iyọ̀, Ifọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ibi tó yẹ kéèyàn ti rò ó. Ìlú Olúfọ́n ni, ìlú tí wọ́n ti ń bọ Òrìṣà Olúfọ́n, àgbà òrìṣà funfun tí wọ́n kà sí Ọbàtálá. Àwọn tó ń sin Ọbàtálá kì í fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀, wọn kì í sì í mu ẹmu. Ẹ fi ti ìsìn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, kí ẹ wo ohun tí ahọ́n lè kọ́ níbẹ̀. Èkuru tí kò ní iyọ̀ máa ń jẹ́ kí adùn ẹ̀wà fúnra rẹ̀ hàn kedere, ẹnu á sì tún máa retí nǹkan kan tí kò dé. Kọ́ọ̀pùkéèkì tí kò ní iyọ̀ náà nìyẹn: ṣúgà inú rẹ̀ kò dín, síbẹ̀ adùn rẹ̀ á dà bí ẹni tó jókòó jìnnà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kéèkì rẹ̀ kò dùn tó ló máa ń sáré fi ṣúgà kún un, nígbà tó jẹ́ pé iyọ̀ ni kò sí níbẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan tó ní iyọ̀ àti ọ̀kan tí kò ní, ẹ ó sì rí i pé ìdánwò tí kò ná yín ní nǹkan kan lè tún ọwọ́ yín ṣe ju èròjà olówó gọbọi lọ.

Ìdánwò kejì, ti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, ló kan owó jù, torí náà ó yẹ ká dúró lé e. Fúláwà tí a ń lò, àlìkámà ni, ilẹ̀ òkèèrè sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí Nàìjíríà ń lò ti ń wá. Bí owó dọ́là bá ti gbéra, fúláwà náà gbéra. Bẹ́ẹ̀ sì ni orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé. Ìjọba ti gbìyànjú láti so méjèèjì pọ̀: nígbà Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n ní kí àwọn tó ń lọ fúláwà fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀, láti 2011 sí 2015, wọ́n gbé búrẹ́dì tó ní ìdá 20 jáde, wọ́n tilẹ̀ gbé e wọ ilé ìjọba l'Ábújá. Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì àti IITA ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ gidigidi. Síbẹ̀, búrẹ́dì ọwọ́ olóúnjẹ-àárọ̀ kò yí padà. Ó nídìí. Búrẹ́dì, pàápàá búrẹ́dì Agége tó ń fà bí rọ́bà, èyí tí ìtàn rẹ̀ kan Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè tó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ l'Ékòó ní 1921, gbára lé fífà inú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gluten. Ẹ̀gẹ́ kò ní in. Kéèkì ńkọ́? Kéèkì kò fẹ́ kí nǹkan fà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má pò ó jù lẹ́yìn tí fúláwà bá ti wọ̀ ọ́. Àbùkù ẹ̀gẹ́ nínú búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀bùn nínú kọ́ọ̀pùkéèkì. Lójú tèmi, ìjọba gba ẹnu ọ̀nà tó le jù wọlé. Inú ilé ìdáná ni ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ì bá ti kọ́kọ́ gba ìyìn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti gíráàmù 10 ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú 40 fúláwà nínú abọ́ kejì, ìyẹn ìdá 20. Kì í ṣe láfún ni mò ń wí o. Láfún ti kan kí ó tó gbẹ, òórùn rẹ̀ dára nínú oúnjẹ òkèlè, ṣùgbọ́n á gba gbogbo inú kéèkì. Ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe láìjẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan ni kí ẹ béèrè: èyí tí wọ́n bó, tí wọ́n rin, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì sá gbẹ kíákíá, láàárín ọjọ́ kan tí wọ́n wà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì rin ẹ̀gẹ́ tútù sínú kéèkì, torí pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò, rírin, fífún àti gbígbẹ ló ń mú un kúrò. Ìyẹ̀fun yìí máa ń mu omi ju fúláwà lọ, nítorí náà kéèkì kejì lè gbẹ díẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ìdánwò tó kàn ni mílíìkì: ẹ fi gíráàmù 10 ẹ̀gẹ́ náà sí abọ́ méjèèjì, ẹ fi mílíìkì ṣíbí kan kún ìkejì. Ẹ má ṣe méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ibo wá ni ohun tuntun tó yẹ kí a dán wò ti ń wá? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àfi kí àwọn wọ mọ́tò lọ sílé oúnjẹ aláfẹ́ ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn. N kò bá wọn jiyàn pé Òṣogbo ní nǹkan tó pọ̀, kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fojú ìdánwò wo oúnjẹ tó wà lójú títì láàárín Ìlobùú àti Ifọ́n á rí i pé àwọn ìyá wa ti ń yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà láéláé. Ẹ̀wà tí a bó tí a lọ̀ kan náà ni: ẹ dín in nínú epo, àkàrà ni, ẹ fi ata àti epo sí i kí ẹ sè é nínú ewé, mọ́ínmọ́ín ni, ẹ sè é láìfi ata àti epo sí i, èkuru ni. Ẹni tó bá jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí kò sì fi nǹkan mìíràn rú u lójú, ti rí ohun tí epo gbígbóná ń ṣe, ohun tí ooru omi ń ṣe, ohun tí ata ń ṣe. Ẹ dúró ti alákàrà láàárọ̀, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Kò fi baking powder sí i. Á máa lu ẹ̀wà lílọ̀ náà, á máa gbé e sókè sódò títí àwọ̀ rẹ̀ á fi funfun tí á sì wú nínú abọ́. Àlùbọ́sà àti iyọ̀ ló ń kẹ́yìn, torí pé omi wọn á mú un rọ̀ jù bí wọ́n bá yá wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó lù sínú rẹ̀ ló ń wú nínú epo. Iṣẹ́ kan náà ni ẹ ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń pò bọ́tà àti ṣúgà, ẹni tó bá sì ti wo alákàrà dáadáa kò ní tètè fi ọwọ́ sílẹ̀ mọ́.

Àwọn yòókù náà ní ohun tí wọ́n ń sọ. Àádùn jẹ́ ká mọ̀ pé epo pupa lè wà nínú ohun dídùn, pé àgbàdo yíyan lè rọ́pò díẹ̀ nínú fúláwà. Mọ́sà fi hàn pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá, tí ẹlòmíràn á dà nù, ní adùn tó lè dín ṣúgà kù. Wàrà ní ìwọ̀n ọ̀rá àti omi tirẹ̀. Àpẹẹrẹ tó wù mí jù wà ní Èjìgbò, ìlú tí kò jìnnà sí Ifọ́n, tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ti ń gbé ní Côte d'Ivoire láti ìran dé ìran débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Oúnjẹ àwọn ará Côte d'Ivoire ni àtíkẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n jẹ́ kí ó kan, tí wọ́n fún, ni, bíi gààrí gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti máa yan gààrí nínú agbada, ooru omi ni wọ́n fi ń sè é. Ìyàtọ̀ kan péré, oúnjẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìrìnàjò oúnjẹ, kí ó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n sè ní Èjìgbò, kí ó jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gààrí, ó sàn ju kí ó jókòó sídìí abọ́ tí ohun mẹ́sàn-án tuntun kún inú rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ìwà àjẹkiri ni mò ń kọ́ yín. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, torí ẹni tó bá ń jẹun kiri láìnídìí máa ń ná owó ilé dànù. Ṣùgbọ́n oúnjẹ títà kì í ṣe àṣà àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀kọ àti àkàrà àárọ̀, ọjà la ti ń rà wọ́n láti ìgbà àwọn baba wa. Ohun tí mò ń sọ kò ju pé kí abọ́ tí ẹ ti mọ̀ wà níwájú yín, kí ohun kan tí ẹ kò mọ̀ bá a rìn, kí ẹ sì bi ẹni tó sè é ní ìbéèrè kan. Nínú àtakò sí oúnjẹ ìta, ẹ̀rù àìsàn ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Oúnjẹ tó ń hó, tí wọ́n bù látinú ìkòkò síwájú yín, kò léwu tó èyí tó ti tutù nínú abọ́ gbalasa. Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń fọ àwo kí ẹ tó jókòó, kí ẹ yàgò fún ibi tí kò sí èrò. Ohun kan tún wà tí ìwé atọ́nà kò gbọ́dọ̀ gbójú fò: ìjà ilẹ̀ láàárín Ifọ́n, Ìlobùú àti Erín-Ọ̀ṣun ti mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé níbẹ̀ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Kí àlejò béèrè bí ìlú ṣe rí kí ó tó gbéra, kí ó má sì máa fi oúnjẹ ìlú kan fọ́nnu níwájú èkejì.

Àtakò tó lágbára jù sí wíwọn nǹkan máa ń wá látẹnu àwọn àgbà alásè: ìyá wọn kò wọn nǹkan rí, oúnjẹ rẹ̀ kò sì bàjẹ́ rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá yẹn gan-an ni òṣùwọ̀n. Ìkòkò kan náà, ìgbákọ kan náà, ẹ̀wà láti ọwọ́ olùtajà kan náà fún ogún ọdún ló kọ́ ọ. Fúláwà tí ẹ rà lóṣù yìí lè má jẹ́ ti iléeṣẹ́ tí ẹ rà lóṣù tó kọjá, ẹyin ọ̀sẹ̀ yìí lè kéré, bọ́tà lè ní omi jù. Ọwọ́ kò lè kọ́ ohun tó ń yí padà lójoojúmọ́. Òṣùwọ̀n ló lè mú un dúró títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ fi káún rọ́pò baking soda nítorí pé àwọn àgbà ń fi í se ẹ̀wà. Agbára rẹ̀ kò dọ́gba láti òkúta kan sí èkejì, kéèkì á sì máa ta bí ọṣẹ. Àgbálùmọ̀, tó máa ń wà lójú ọjà láti nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí ìwọ̀n kékeré ti ń ṣiṣẹ́ ńlá: omi rẹ̀ kan, nítorí náà ó fẹ́ baking soda tó tó orí ọ̀bẹ láti bá a wí, kì í ṣe ṣíbí kan.

Àwọn tó ń ta kọ́ọ̀pùkéèkì ní ìbéèrè tiwọn: oníbàárà fanílà ló fẹ́, ta ni á ra kéèkì ẹ̀gẹ́? Kí fanílà máa wà lórí àtẹ. Kí ẹ sì fi àwọn tó mọ̀ yín dán èyí kejì wò láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àyàfi ẹ̀pà, mílíìkì àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ara àwọn kan kì í gbà, èyí tó gbọ́dọ̀ di mímọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án. Ẹ gbé kọ́ọ̀pùkéèkì mẹ́ta síwájú ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún, méjì jẹ́ fúláwà lásán, ẹ̀kẹta ní ìdá 20 ẹ̀gẹ́, kí ó mú èyí tó yàtọ̀. Ẹni tó kàn ń mú un lójú afọ́jú ní àǹfààní kan nínú mẹ́ta láti ṣe é re. Kí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú márùn-ún ṣe é re nípa oríire lásán kò tó ìgbà 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí mẹ́rin bá mọ̀ ọ́n, ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, kí ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ìyàtọ̀ náà dùn mọ́ wọn tàbí kò dùn mọ́ wọn. Bí méjì péré bá mọ̀ ọ́n, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú àwọn márùn-ún mìíràn. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè máa fi gíráàmù 10 ẹ̀gẹ́ sí gbogbo gíráàmù 50 lọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò gíráàmù 15.